Théodore Monod: Ọmọ Pásítọ̀ Tí Ó Wá Òkúta Ojú Ọ̀run Nínú Aṣálẹ̀ Sàhárà

Ní kùtùkùtù ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2020, ìbúgbàù ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ìlú-Àbò, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ilẹ̀ lu, ilé wó, ilé ẹ̀kọ́ kan àti ilé ìjọsìn wà lára ohun tí ó bàjẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó sọ pé ohun abúgbàù tí ọkọ̀ ń kó lọ ni ó gbiná. Onímọ̀ kan láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sọ ní tirẹ̀ pé òkúta ni ó jábọ́ láti ojú ọ̀run. Àríyànjiyàn náà dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ní Ajah, lórí fóònù pàápàá, nítorí pé àsìkò àrùn Kòrónà ni. Títí di òní, kò sí ẹ̀rún òkúta ojú ọ̀run kankan láti ibẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé.

A kò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó gbà wá lọ́kàn: bí ẹnìkan bá sọ pé ohun kan ti ọ̀run bọ́, ọ̀nà wo ni a ó gbà mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ọkùnrin kan wà tí ó lo ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún lórí ìbéèrè yìí, kì í ṣe lórí àga, bí kò ṣe ní ẹsẹ̀ àti lórí ràkúnmí, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí. Onígbàgbọ́ ni, ọmọ pásítọ̀ sì ni. Orúkọ rẹ̀ ni Théodore Monod.

Wọ́n bí Monod ní ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ọdún 1902. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ìdílé Pùròtẹ́sítáǹtì ni ó ti wá, níbi tí iṣẹ́ àlùfáà ti ń ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láti ìran dé ìran. Baba rẹ̀, Pásítọ̀ Wilfred Monod, ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ìjọ Oratoire du Louvre ní ìlú Párísì, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà dàgbà sí. Ọ̀gbà ńlá kan wà nítòsí ilé wọn, níbi tí ìjọba kó egungun ẹranko, òkúta, ewéko àti ẹja láti gbogbo ayé sí. Bí àwọn ọmọ mìíràn ti ń sáré lọ sí ibi ìṣeré, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ń sáré lọ. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì: ó rò ó bóyá kí òun tẹ̀lé ọ̀nà baba òun lọ sí orí àga ìwàásù, tàbí kí òun lọ máa ṣe ìwádìí àwọn ohun tí Ọlọ́run dá. Ìwádìí ni ó borí. Ní ọdún 1922, ní ẹni ogún ọdún, ó di òṣìṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá ti ìjọba ní Párísì.

Bí kò tilẹ̀ wọ aṣọ àlùfáà, kò jìnnà sí pẹpẹ. Ní ọdún 1923 baba rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀ tí a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Àwọn Olùṣọ́, Théodore sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ìlànà ẹgbẹ́ náà rọrùn: ní ọ̀sán ọjọ́ gbogbo, ọmọ ẹgbẹ́ yóò dúró díẹ̀, yóò sì ka àwọn ọ̀rọ̀ ìbùkún inú Ìwàásù Orí Òkè, ní Mátíù orí 5. Monod pa ìlànà yìí mọ́ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kì í mu ọtí, ó jáwọ́ nínú jíjẹ ẹran, a sì máa gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹja ni ó gbé e dé Áfíríkà. Ní ọdún 1922, ilé iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí etí òkun Mọ̀riténíà láti ṣe ìwádìí iṣẹ́ ẹja pípa. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ìbá ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bá àwọn oníràkúnmí rìn gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ìrìn àjò náà ni ó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ó fi ẹja sílẹ̀ díẹ̀, ó sì fẹ́ràn iyanrìn.

Ní àkókò yìí kan náà ni ìròyìn kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn onímọ̀ ní Párísì. Ní ọdún 1916, ọ̀gá ológun Faransé kan, Kápítẹ́ẹ̀nì Gaston Ripert, wà ní Chinguetti, ìlú àtijọ́ àwọn Mùsùlùmí ní agbègbè Adrar ní Mọ̀riténíà, ìlú tí a mọ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ àtayébáyé. Ó gbọ́ pé irin ńlá kan wà nínú aṣálẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní irin Ọlọ́run. Ó ní ẹnìkan mú òun lọ síbẹ̀ ní òru, lórí ràkúnmí, fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, láìsí máàpù, láìsí ohun èlò tí ń tọ́ka ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí òkè irin kan tí gígùn rẹ̀ tó 100 mítà, tí gíga rẹ̀ tó 40 mítà, iyanrìn sì ti bo apá kan rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù, ó sì ga tó ilé alájà mẹ́tàlá. Lórí òkè náà ni ó ti rí òkúta kékeré kan tí ó wúwo tó 4.5 kìlógíráàmù, ó sì gbé e wá.

Òkúta kékeré yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ó dé ọwọ́ Alfred Lacroix, àgbà onímọ̀ nípa òkúta ní Párísì, ẹni tí ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1924. Kò sí iyèméjì kankan: ojúlówó òkúta ojú ọ̀run ni. Oríṣi tí ó ṣọ̀wọ́n ni, tí irin àti òkúta pò mọ́ ara wọn bí ẹ̀wà àti àgbàdo inú àdàlú. Bí ẹ̀rún yìí bá jẹ́ òtítọ́, ta ni yóò pe òkè náà ní irọ́?

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa òkúta ojú ọ̀run, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni ó ti da á pọ̀ mọ́ ẹdùn àrá. Àwọn òkúta dídán tí àgbẹ̀ ń hú jáde nínú oko, tí àwọn baba wa ń pè ní ẹdùn àrá, ti ilẹ̀ ayé ni wọ́n. Àáké tí àwọn ènìyàn ìgbà láéláé gbẹ́ kí wọ́n tó mọ irin ni wọ́n. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rò pé wọ́n ti òkè bọ́. Àwọn ará Yúróòpù náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò sì rántí ère tí ó wà ní Éfésù, ní orí 19, tí wọ́n gbà pé láti òkè ni ó ti já bọ́. Ṣùgbọ́n òkúta tí ó ń ti òkè bọ́ ní tòótọ́ wà. Ní Nàìjíríà wa yìí, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1962, ọ̀kan já bọ́ ní Zagami ní agbègbè Katsina, nítòsí àgbẹ̀ kan tí ń lé ẹyẹ ìwò kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀. Ó wúwo tó nǹkan bí 18 kìlógíráàmù. Àwọn onímọ̀ padà rí i pé láti ara pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ni ó ti wá.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ aṣálẹ̀ ni àwọn tí ń wá òkúta wọ̀nyí ń lọ? Ọ̀run kò yan ibi tí yóò ju òkúta sí. Ó ń jábọ́ sí igbó, sí òkun àti sí ìlú bákan náà. Ibi tí ó ti lè pẹ́ kí ó tó bàjẹ́ ni a ń wá. Àwa tí a ń gbé láàárín ọ̀sà àti òkun ní Ajah kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń ṣe sí irin. Géètì tí a kùn ní ọdún yìí ti ń dípẹtà ní ọdún tí ń bọ̀, páànù òrùlé kì í sì pẹ́ lójò. Òkúta ojú ọ̀run tí irin wà nínú rẹ̀ kò lè pẹ́ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Sàhárà, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, ó lè wà lórí ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Yàtọ̀ sí èyí, ojú tètè ń rí i: iná tí ó jó o bí ó ti ń já bọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di dúdú, ilẹ̀ ibẹ̀ sì funfun. Ó dà bí ẹni tí ó rí òkúta dúdú lórí iyanrìn Ajah. Kíá ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ó hù sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíípà ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Àwọn darandaran aṣálẹ̀ ń ṣà wọ́n, wọ́n ń fi irin òòfà dán wọn wò, wọ́n sì ń tà wọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1990 wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a ti rí ní Sàhárà.

Nígbà tí Monod bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1934 ni ó kọ́kọ́ jáde láti Chinguetti lọ wá òkè irin Ripert. Ó kọ̀wé sí Ripert fúnra rẹ̀, ọ̀gá ológun náà sì dá a lóhùn pé òun mọ̀ pé àwọn kan ń pe òun ní ẹlẹ́tàn, tí àwọn mìíràn ń pe òun ní òpè tí kò mọ òkè lásán yàtọ̀ sí irin. Òun kò ní bá wọn jà, ohun tí òun rí ni òun rí. Monod rìn títí, ó béèrè, ó wo òkè kan dé èkejì. Kò rí nǹkan kan. Ó padà, ṣùgbọ́n kò pa fáìlì náà dé.

Ní ọdún 1938 wọ́n rán an lọ sí Dakar láti darí ilé ìwádìí kan tí ìjọba amúnisìn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí IFAN. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1965. A kò ní fi bò pé òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni. Síbẹ̀, ìwà rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà tẹ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn. Ní ọdún 1942 ni ó mú Amadou Hampâté Bâ, ọmọ ilẹ̀ Málì, wọ ilé ìwádìí náà, ní àkókò tí àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ ọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Mùsùlùmí olùfọkànsìn yìí àti Kristẹni náà jẹ́ títí. Monod kan náà ni ó fún Pierre Verger, tí àwọn Yorùbá mọ̀ sí Fátúmbí, ní owó ìwádìí tí ó fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Dàhòmì lórí àjọṣepọ̀ àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú Bràsíìlì. Ní ọdún 1960 ó fọwọ́ sí ìwé tí àwọn olókìkí 121 kọ lòdì sí ogun tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń jà ní Àljíríà. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Láti Dakar ni ó ti ń padà sínú aṣálẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950, òun àti àwọn atọ́nà rẹ̀ la apá kan kọjá ní ìlà-oòrùn Mọ̀riténíà tí kò sí kànga fún nǹkan bí 900 kìlómítà. Omi tí wọ́n rù ni omi tí wọ́n ní. Ní ọdún 1950 ó dé Aouelloul, kòtò róbótó kan tí kò jìnnà sí Chinguetti, tí ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ rí láti inú ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1938. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 390 mítà. Ìwádìí padà fi hàn pé ohun tí ó já bọ́ láti òkè ni ó gbẹ́ kòtò náà.

Kòtò yìí gan-an ni ó yẹ kí ó kọni lóminú. Ohun tí ó bá tóbi tó òkè, tí ó sì ń bọ̀ láti ojú ọ̀run pẹ̀lú eré burúkú, kì í balẹ̀ kí ó wá jókòó jẹ́jẹ́. Yóò fọ́, yóò jóná, yóò sì dá kòtò ńlá sílẹ̀. Òkúta ojú ọ̀run tí ó tóbi jù lọ tí a mọ̀, tí a ń pè ní Hoba, wà ní Nàmíbíà, níbi tí àgbẹ̀ kan ti rí i ní ọdún 1920. Ó wúwo tó nǹkan bí 60 tọ́ọ̀nù, síbẹ̀ ìbú rẹ̀ kò tó mítà mẹ́ta. Irin Ripert ní láti tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Monod mọ gbogbo èyí. Ohun tí kò jẹ́ kí ó jáwọ́ ni ẹ̀rún 4.5 kìlógíráàmù tí ó wà ní Párísì, tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́.

Ó tún padà sí Chinguetti léraléra. Ó fẹ̀yìn tì, kò sinmi. Ní òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, ọkùnrin kan tí ó mọ agbègbè náà, Jacques Gallouédec, tọ́ka òkè kan fún un tí wọ́n ń pè ní Guelb Aouinet. Bàbá arúgbó náà lọ síbẹ̀. Ìrísí rẹ̀ bá ohun tí Ripert ṣàpèjúwe mu dáadáa: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá bí ògiri, atẹ́gùn àti iyanrìn ti gbo ó títí ó fi ń dán bí irin. Ṣùgbọ́n òkúta ilẹ̀ ayé lásán ni. Kò sí irin kankan nínú rẹ̀.

Àwa rò pé níbí ni títóbi ọkùnrin yìí ti hàn jù. Ẹni tí ó bá ti wá nǹkan láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó, ó ṣòro fún un láti sọ pé nǹkan náà kò sí. Ọ̀pọ̀ ìbá ti wí pé iyanrìn ti bò ó, tàbí pé àwọn ará ìlú fi pamọ́, kí iṣẹ́ ìgbésí ayé wọn má baà dà bí òfo. Ní ọdún 1992, òun àti Brigitte Zanda, onímọ̀ nípa òkúta ojú ọ̀run, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ Chinguetti. Ohun tí Monod gbà ni pé òkè irin kò sí. Ojú ni ó tan Ripert. Kò sì pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́. Ripert ti fi gbogbo ọkàn gba ohun tí ó sọ gbọ́: ó ti rìn ní òru, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìtàn irin Ọlọ́run ti kún inú rẹ̀, ó rí òkè dídán, ó sì rí òkúta tòótọ́ kan lórí rẹ̀. A mọrírì ìpín yìí tí Monod pín fún un, nítorí nínú ìjọ pàápàá, ẹni tí ó bá ṣìnà nínú ẹ̀rí rẹ̀ kì í pẹ́ kí a tó sọ ọ́ di ẹlẹ́tàn.

Ní ọdọọdún, ní ọjọ́ tí bọ́ǹbù balẹ̀ ní Hiroshima ní oṣù kẹjọ, Monod máa ń gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ológun kan ní Taverny, láti tako ohun ìjà átọ́míìkì. Ó ń ṣe é nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó kú ní ìlú Versailles ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2000, ní ẹni 98 ọdún.

Ní ọdún kejì, 2001, Zanda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde. Ìtànṣán tí ń ti òfurufú wá máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú òkúta tí ń rìn lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n kì í lè wọ inú ohun ńlá lọ jìnnà. Wọ́n wọn àmì náà nínú òkúta Ripert, wọ́n sì rí i pé odidi tí ó ti já wá kò lè fẹ̀ ju nǹkan bí 1.6 mítà lọ. Kò lè jẹ́ ẹ̀rún òkè. Ìgbà tí ó já bọ́ kò sì tíì pé ọdún 18,000.

Síbẹ̀, ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kan ní Bìrìtéènì dá a lábàá pé òkìtì iyanrìn agbègbè náà ga tó láti bo òkè Ripert mọ́lẹ̀, àti pé kí a fi ohun èlò tí ń mọ irin lábẹ́ ilẹ̀ wá a. Òkúta tí ọ̀gá ológun náà gbé wá ní ọdún 1916 wà ní Párísì, ní ilé àkójọ tí Monod wọ̀ ní ẹni ogún ọdún.